Ẹkún Ìyàwó Inú Mẹ́mọ́rì Káàdì

Ilé Akínladé,
Ayétòrò, Yewa.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Inúmidùn ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé omi ń yọ ní àdúgbò yín, ṣé onílé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Èmi àti màmá rẹ wà dáadáa, orúnkún ọ̀tún mi nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn, ìyẹn náà sì ti di ará ilé. Ọba tó ń ṣọ́ àgbàdo lóko tí ọ̀bọ kò fi jẹ ẹ́ tán yóò máa ṣọ́ ọ ní Èkó. O kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ṣe àmín kí o tó ka ìyókù, màmá rẹ ló ní kí n dúró dè ọ́.

Ilé dùn, àfi ti bọ́dà tí wọ́n tì yìí. Ìrẹsì ti di ohun tí à ń fi ojú rí ní ilé olówó, a ti padà sídìí iṣu, ikùn wa kò sì bínú. Epo bẹntiróòlù náà wọ́n bí ojú, gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò dákẹ́, ọ̀dọ̀ Lukman tó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ni a ń lọ gba iná sí fóònù, nítorí òun ní èyí tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́. Bí òjò bá ṣú, kò sẹ́ni tó lè pe ẹnikẹ́ni ní Ayétòrò.

Mo rí àpò ìwé tí o fi rán Túnbọ̀sún awakọ̀ sí wa gbà. Mẹ́mọ́rì káàdì kan tí kò ju èékánná lọ ni mo bá nínú ẹ̀, àti ìwé pélébé tí o kọ pé iṣẹ́ ọdún méjì ni, kí a jọ̀ọ́ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a sì súre fún ọ. O kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí o ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ nítorí orin, tí mo ní kí o má dárúkọ orin létí mi mọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò kan ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Màmá rẹ ní èmi ni mo lé ọ, ọjọ́ tó bá sì rántí ẹ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ mi máa ń pọ̀ jù.

Nígbà tí mo fi káàdì náà sínú fóònù, ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ariwo rédíò tí kò rí ibì kankan mú. Ó dún tíí, tíí, ó dákẹ́, ó tún hó bí epo gbígbóná tí omi ta sí, nǹkan kan wá ń lù gbì, gbì, bí ẹni tó ń gún iyán ní ilé kejì. Mo ní fóònù mi ti kú nìyẹn. Mo gbé e sáré lọ bá Lukman, ó tú u, ó gbọ́ ọ, ó ní fóònù kò ṣe nǹkan kan, pé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbà á sílẹ̀ ṣe fẹ́ kí ó dún. Mo rò pé ó fẹ́ yẹra fún iṣẹ́ ni.

Ilé ni màmá rẹ ti gbọ́ ohùn rẹ lábẹ́ ariwo náà. Ò ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ń wọ́ tẹ̀lé ọ̀rọ̀, omijé wà nínú ohùn, o ní ilé tí ò ń gbé kì í ṣe ilé rẹ, o ní ọ̀nà jìn, o ní kí ìyá má wo ẹ̀yìn rẹ. Òyìnbó tó wà láàárín ẹ̀ kò yé wa, a fò ó. Kì í ṣe orin, nítorí orin tí èmi mọ̀ ní ègbè, ó sì ní ibi tí èèyàn ti ń ju apá. Màmá rẹ gbìyànjú láti jó o, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sójú kan bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Ó bá tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní ṣé èmi kò mọ ẹkún ìyàwó mọ́ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ mí lára. Ọmọ tó fẹ́ relé ọkọ ní ilẹ̀ yìí, ṣebí ẹkún ló máa ń fi kí bàbá, tí ó ń fi kí ìyá, tí ó ń fi kí àgbà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí oníkálukú á gbọ́wọ́ lé e lórí tí yóò súre fún un? A ka tìrẹ, ó jẹ́ méjìlá, ó kárí ilé wa gẹ́lẹ́. Mo ní ayé mà ti là o, wọ́n ti ń sun ẹkún ìyàwó sínú mẹ́mọ́rì kí wọ́n má baà san owó ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú mo pe ẹbí. Mo gbé fóònù sórí ẹní, mo dojú ẹ̀ dé ilẹ̀, nítorí ìyàwó kì í gbójú sókè níwájú àgbà. Bí ẹyọ kan bá ti parí, a ó gbé e lọ síwájú ẹlòmíràn. Bàbá Bàrúwà olórí ẹbí, tí etí òsì wọn kò gbọ́ mọ́, gbé e mọ́ etí ọ̀tún títí, wọ́n ní ọmọ yìí mọ ẹkún sun ju ìyá ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́wọ́ lé fóònù, wọ́n ní ibi tó ń lọ yóò gbà á, ohùn rẹ̀ kò ní ṣá, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò máa béèrè rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ni ọkọ, mo ní ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ọkọ ló ń kẹ́yìn dé. Èmi ni mo ṣe àṣekágbá. Mo ní ohun tí o dáwọ́ lé yìí, mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn, n kò ní bá ọ jà lé e lórí láéláé. Gbogbo ilé ṣe àmín.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n mi Àṣìkẹ́ ní Ìwòyè-Kétu, tí kò lè wá nítorí ìṣòro ọkọ̀. Mo wọkọ̀ dé Ìmẹ̀kọ, mo gun ọ̀kadà, mo sì ń jẹ́ kí ọlọ́kadà náà gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀. Ó kan ìkẹrin, èyí tó ń ké wíìwíì bí ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Àwọn tó ru ìrẹsì gba inú igbó bọ̀ gbọ́ ọ, àpò bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀, kálukú fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ń pariwo pé ẹkún ìyàwó ni, pé ọmọ mi ni, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. N kò fọwọ́ kan ìrẹsì wọn, màmá rẹ kò sì tíì dárí ìyẹn jì mí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ tiwọn tán, wọ́n sunkún, wọ́n ní ayé ìyàwó yóò dùn bí oyin, wọ́n sì ta oyin sí ẹnu fóònù, ihò tí iná ń gbà wọlé.

Bí mo ṣe tún padà sọ́dọ̀ Lukman nìyẹn. Ó ń fi abẹ́rẹ́ yọ oyin, ẹkún rẹ ń dún lọ, ni àbúrò rẹ̀ Sẹ̀kínát, tó ń lọ sí Pólì ní Ìlaròó, bá fò dìde. Ó ní ohùn rẹ ni, pé òun ti gbọ́ méjì nínú ẹ̀ rí, pé ó ju ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn lọ tó ti gbọ́ ọ. Mo béèrè pé ta ló wá fún gbogbo wọn lóúnjẹ. Ó ní álíbọ́ọ̀mù ni. Mo ní fọ́tò ẹ̀ dà? Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé híípù-họ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é, kọ̀ǹpútà ni ìlù ẹ̀, ó máa ń ba èèyàn nínú jẹ́ díẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní orin ni, Bàbá, kò sí ọkọ kankan níbẹ̀.

N kò ní purọ́ fún ọ, inú bí mi. Mo délé, mo ní n óò tún pe ẹbí kí n gba àdúrà mi padà. Màmá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ bá Bàbá Bàrúwà, kí n ní kí wọ́n pọ àmín wọn. Mo rí i pé n kò lè ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé fóònù lọ sí oko ẹ̀gẹ́, mo gbọ́ ọ ní orin. Ìkẹsàn-án ni n kò gbọ́ rárá ní ọjọ́ àdúrà, nítorí ìdí ọtí ni mo wà tí mo ń bu fún àlejò. Gbogbo ariwo dákẹ́ níbẹ̀, o wá sọ pé bàbá rẹ kò bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ohùn wọn ni o fi ń sọ̀rọ̀. Mo jókòó sórí ebè. Mo tún un gbọ́ títí iná fi tán nínú fóònù. Inúmidùn, mo sunkún, ojú sì tì mí. Màmá rẹ kò ṣìnà púpọ̀, ẹkún tí ọmọ ń sun kí bàbá lè súre fún un ni.

Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àṣìṣe ni bàbá rẹ fi súre. Mo tún un ṣe lóko. Mo gbọ́wọ́ lé fóònù, mo sì dárúkọ ohun tí mo ń súre fún, mo ní orin.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, oyin ti ba ẹnu fóònù yìí jẹ́. Túnbọ̀sún ni kí o fi rán, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ wọn ní Ìlaròó ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, èèyàn mẹ́fà sì wà lẹ́yìn mi, mo bá bá tèmi lọ. Wá sílé ní Kérésì. Bàbá Bàrúwà ṣì ń béèrè ọkọ, mo ti ní ó wà lọ́nà, ìyókù di ọwọ́ rẹ.

Ohùn rẹ kò ní ṣá. Ibi tí o bá ti ya ẹnu, wọn yóò dákẹ́ gbọ́ ọ. O kò ní sunkún àsunù.

Èmi ni Akínladé,
bàbá rẹ tó ń bá ọ sọ̀rọ̀.