Ilẹ̀ Tó Ń Sùn àti Ìpín Tí Kì Í Sùn

Bàbá mi,

“Ilẹ̀ a máa sùn, ṣùgbọ́n ìpín kì í sùn.” Ọ̀rọ̀ ńlá tí ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó wá ta ìpín fún yín, sọ n’Ìkòsì nìyẹn. Mo ṣí fìlà kí n tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ọ̀rọ̀ tó wúwo tó báyìí, a kì í dé fìlà kà á. Ẹ kú ilé o, ẹ kú àbójútó ẹbí. Mo kí ìyàwó yín tó wò mí dàgbà, mo sì kí àwọn àbúrò mi. Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò tíì pa mí. Kùrukùru ló pọ̀. Bí mo bá na ọwọ́, n kì í rí ìka.

Ẹ ní kí n bu ọwọ́ lu ìwé, kí ẹ lè ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí a sin bàbá mi, ẹ̀gbọ́n yín, sí, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra ìpín. Lẹ́yìn náà lẹ wá ní kí n ṣàlàyé ohun tí ìpín jẹ́, nítorí ọ́fíìsì àwọn tó ń tà á ni mo ti ń gbálẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì, àlàyé ló máa ń ṣáájú.

Ẹ rántí ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀yin mẹ́rin dáwó rà n’Ìṣẹ̀rì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìpín yín, ẹ ò sì lè gé ìdí ọkọ̀ gbé wálé. Bí ọkọ̀ bá pawó, ẹ ó gba tiyín: èrè orí ìpín nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá rì, ìpín rì. Alágbàtà ni ẹni tó ń wá olùrà fún yín. Ọkọ̀ léfòó o, ọkọ̀ rì o, ó ti gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Iye ọjà ni ohun tí olùrà fẹ́ san lónìí, kì í ṣe ohun tí ẹ san lánàá. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìpín ni ohun tí ènìyàn gbà wá láti ọ̀run. Níbí, ìwé pélébé ni.

Ẹ̀kọ́ parí. Èyí tó kù ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Arúgbó òyìnbó kan a máa wá sí ọ́fíìsì wa láràárọ̀. Á fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, á gbé àkẹtẹ̀ kọ́, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á béèrè iye tí ìpín òun jẹ́ lónìí. Ilé iṣẹ́ tí arúgbó náà ra ìpín nínú rẹ̀ ti kú ṣáájú ogun àgbáyé. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló tà fi rà á. Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un, nítorí náà akọ̀wé wa a máa dá a lóhùn pé kò yí padà. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé ò wá, èmi ló bi. Èmi tí mo ti na ọmọ olọ́mọ nítorí irọ́, mo ní, “Kò yí padà, sà.” Ó dúpẹ́. Ó bi mí bóyá mo nílẹ̀ nílé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Èmi náà ní in rí.”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń relé nínú kùrukùru, mo ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn mi. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, n kì í rí ẹnìkan. Bó sì ṣe ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe ń wúkọ́.

Mo fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn nítorí n kò rò pé ilé wa nìkan ni ọkùnrin oníkóòtù yẹn yà. Ìwé yín wà nínú àpò mi; n kò tíì bu ọwọ́ lù ú. Ẹ̀mí yín á gùn, ilé wa ò ní dahoro. Ẹ bá mi kí ará Ìkòsì àti Kétu, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni, ọmọ yín tó wà lókè òkun.

Mo gbàgbé: nígbà tí oníkóòtù yẹn ní ilẹ̀ ń sùn, ṣé ẹ sọ ẹni tó sùn sínú rẹ̀ fún un?