Ohùn Bàámi Há Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta 2025

Mo ti bà á jẹ́. Kọ̀ǹpútà kò ṣí mọ́.

Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, torí iná wà. Ètò tí mo fẹ́ fi ran Bàámi lọ́wọ́ — kí wọ́n tẹ bọ́tìnì, kí ohùn tiwọn jáde — kò gbà lórí Wíńdò àtijọ́ tó wà lára Arúgbó. Arúgbó ni mo ń pe kọ̀ǹpútà yìí. Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà àgùnbánirọ̀. Mo ní kí n fi Wíńdò tuntun sí i láti inú fíláàṣì. Ó ń lọ wẹ́rẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ni iná lọ, bátìrì Arúgbó kò sì dá dúró. Nígbà tí iná dé, ojú dúdú. Ọ̀rọ̀ funfun kan péré: kò rí Wíńdò kankan lára ara rẹ̀.

Gbogbo ohùn Bàámi wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni mo gbà á sílẹ̀, nígbà tí dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ti wọ ọ̀nà ọ̀fun, pé àwọn yóò yọ ibi tí ohùn ti ń jáde. Mo kó o kúrò lórí fóònù kí àyè lè wà. Ẹ̀dà kankan kò sí.

Bàámi kò tíì mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Mo kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò mọ orin tí mo kọ.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo pe Martha. Kíláàsì kan náà la jọ wà nígbà kan. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Arámọkọ báyìí. Ó bi mí bóyá mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń nu díìsìkì nù. N kò rántí. Ó wá ní, "Moyin, má tẹ nǹkan kan mọ́. Tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, má dá a lóhùn."

Ṣèyí náà pè láti Ìbàdàn — àbúrò mi, Ọ̀gbẹ́ni Mo-Mọ̀-Ọ́n. Ó ní kí n nù ún mọ́ pátápátá, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ohùn Bàámi ńkọ́? Ó ní Bàámi ò kú, kí ló dé tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń tọ́jú òkú? Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Inú ṣì ń bí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Bàámi kọ ọ́ sórí síléètì: "Ìgbà wo ni mo máa sọ̀rọ̀?" Mo ní ó kù díẹ̀, Sà. Wọ́n wò mí, ó pẹ́. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n mọ ojú ọmọ tó ń purọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí Arámọkọ. Mo gbé Arúgbó lé itan nínú mọ́tò. Gbogbo ibi tí ọ̀nà òkè yẹn bá ti yí, mo fọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ọmọ ọwọ́.

Martha yẹ fíláàṣì mi wò. Ohun tí mo dà sórí rẹ̀ kò pé — iná ì bá má lọ, kò ní yọrí síbì kan. Ó ki tirẹ̀ bọ Arúgbó pé kó tún un ṣe. Ó tan, ojú di búlúù, ó kú. Ó tún tan, ó tún kú. Mo rí i tí Martha tẹ́tí sí i. Díìsìkì ń dún, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí eku tó ń họ pákó. Ó pa á kíá.

"Díìsìkì yìí ló ń kú lọ. Gbogbo ìgbà tí a bá tàn án la ń bù nínú ìyókù ẹ̀mí rẹ̀."

A ò ní fi nǹkan kan sí i mọ́. Ètò kékeré kan wà tó lè ṣiṣẹ́ látorí fíláàṣì láìfọwọ́ kan díìsìkì. A óò fi yọjú wo inú rẹ̀, ká kó ohun tó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Martha ní òun máa wá ní Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Màámi ló bèèrè, níṣojú Bàámi: kọ̀ǹpútà dà? Mo sọ gbogbo rẹ̀. Bàámi mú síléètì. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n nù ún. Wọ́n tún kọ, wọ́n tún nù ún. Ìgbà tí wọ́n máa yí i sí mi: "Jẹun."

N kò tíì jẹun láti àárọ̀ lóòótọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Jẹnẹrétọ̀ Peace, aládùúgbò wa, la lò, ká má baà gbẹ́kẹ̀ lé iná. Martha tan Arúgbó. Ètò kékeré náà ṣí. Ó ń wá, mo ń gbàdúrà. Ó wá lu tábìlì: "Ó wà ńbí!" Wíńdò tuntun ti kó gbogbo ẹrù àtijọ́ sí fódà kan kó tó dákú. N kò nù ún nù.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ó dúró — a ò mí — ó tún gbéra. Nígbà tó yá, ó dún lẹ́ẹ̀kan bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kò tún jí.

A ṣí èyí tó bọ́ sí wa lọ́wọ́. Àdúrà wà. Orúkọ mi tí wọ́n pè wà, ti Ṣèyí wà. Èyí tí wọ́n fi pe orúkọ Màámi kò sí níbẹ̀, ìkankan.

Ẹ̀rù bà mí láti wí i. Màámi ń ṣa ẹ̀wà, wọn kò gbójú sókè. "Ọdún tí bàbá yín ti ń pè mí nínú ulé yìí! Mo ti gbọ́ ọ tó. Ẹ̀yin ọmọ lẹ nílò ẹ̀rọ."

Ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ nídìí ẹ̀wà yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Díìsìkì tuntun. Wíńdò wọlé dé òpin, ètò bọ́tìnì náà sì gbà. Mo ṣe ẹ̀dà ohùn náà sí fóònù mi, sọ́dọ̀ Martha, sọ́dọ̀ Ṣèyí. Ṣèyí gbọ́ tirẹ̀, ó pa fóònù. Ó pè padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, imú rẹ̀ ti dí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Mo fi bọ́tìnì han Bàámi láàárọ̀. Wọ́n kàn gbọ́wọ́ lé e, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ gúnyán lẹ́yìnkùlé.

"Moyin! Moyin o!"

"Sà!" Mo ju ọmọ odó sílẹ̀, mo sáré. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí.

Bàámi jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, ojú wọn là sílẹ̀ bí ẹni tí ẹlòmíràn pè. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Wọ́n mi orí: kò sí nǹkan kan.

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Iwájú wọn gan-an ni mo dúró sí.

Mo tún dáhùn.