Ìyá Mi, Mo Pe Orúkọ Àkọ́bí Mi

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Orí wàláà tí a fi ń kọ́ kéú ni mo ń kọ èyí sí, ní àńjẹ̀mí, Yorùbá tí a ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Bí mo bá kọ ọ́ tán, màá fi omi wẹ̀ ẹ́ kúrò, torí kò sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ kó kà á. Àkọ́bí mi obìnrin ti wá bá yín. Ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ ti lọ kí n tó lóyún rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní àṣà ilé Fúlàní wa. Ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀, kì í gbé e jó lójú ènìyàn; ìtìjú ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó ní kí àbúrò mi sọ fún ẹni yẹn kó wá jẹun. Èmi ni ẹni yẹn. Mo máa ń bínú, ṣùgbọ́n bí mo bá bu ọkà, ẹran tó tóbi jù á wà lábẹ́ rẹ̀. Ta ló ń fi í síbẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe fún ọmọ tèmi. Ìyá ọkọ mi ló ń pè é, òun ló ń pọ̀n ọ́n. Èmi á máa yọjú wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ẹṣin tí bàbá ọkọ mi fi ń lọ kí Ẹ́míà ló ta ọmọ mi nípàá ní àtàrí. Egungun ibẹ̀ wọnú, ọmọ náà sì ń bì ṣáá. Àwọn àgbà ilé ní ká má gbé ọmọ fún kèfèrí. Ọkọ mi gbé e, èmi àti ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, a gba inú Ọjà-Ọba kọjá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà òyìnbó tí ń tọ́jú àwọn ṣọ́jà. Dókítà ní àfi kí òun gbé egungun náà kúrò lórí ọpọlọ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní yè é.

Ìyá, gbogbo iṣẹ́ náà dọwọ́ kí orí má mì. Irin kan wà tí wọ́n fi ń di orí àwọn ṣọ́jà mú. Dókítà gbé e sún mọ́ orí ọmọ mi, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Egungun ọmọdé ṣì rọ̀, irin yẹn á tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó wá fi àpò iyanrìn há a lọ́tùn-ún lósì, ó ká aṣọ sábẹ́ ọrùn rẹ̀, ó sì fi ọ̀já di iwájú orí rẹ̀ mọ́ tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ara rẹ̀ kò gba oògùn oorun, mímí rẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ibi tí wọ́n fẹ́ gé nìkan ni wọ́n fún ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó dùn ún. Ó wá ku ọwọ́ ènìyàn. Ọkọ mi kò lè wo ọ̀bẹ, ó bọ́ síta, nítorí náà èmi ni mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí mi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

Mo ń ka súrà tí ẹ máa ń kà sí wa létí bí àrá bá ń sán. Ọmọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ti ń rò ó pé a máa gbé e délé. Ni ògbufọ̀ bá ní dókítà kò fẹ́ kó sùn lọ, kí ìyá rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo wo ìyá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sílẹ̀. Mo ní, “Hàlímà.”

Ọmọ mi yí orí. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, ó fẹ́ mọ ẹni tó ń pe òun. Ọ̀já yọ̀, ọwọ́ mi yọ̀, ọ̀bẹ sì wọlé. Dókítà fi òwú tẹ ibẹ̀ títí, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Kó tó di àsìkò aláásárì, ó ti lọ.

Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ìyá ọkọ mi ní, “Inú ẹ̀ ló dùn, ohùn ẹ ló ń wá.” Ó rò pé òun ń tù mí nínú ni. Bó bá jẹ́ pé mo ti ń pè é láti ìgbà tó ti ń rákò, ṣé kò ní dákẹ́ síbẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè lójoojúmọ́? Mo ń bínú sí yín, Ìyá, àárò yín sì ń sọ mí. Ṣé ẹ máa ń pe orúkọ mi nígbà tí mo bá ti sùn? Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ètè yín ń mì. Kí lẹ fẹ́ sọ?

Àwọn obìnrin ilé ní kí n má sunkún àkọ́bí síta. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sun ún síta, mo sì ń pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó wọlé.

Ẹ̀rù máa ń bà á láàárín àwọn tí kò mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é. Ẹ pè é sókè, lójú gbogbo ará Àlùjánnà. Bó bá yí orí láti wò yín, kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.