Koríko Tí Rẹ̀mí Tẹ́ Síwájú Ilé Wa

Ìkẹ́nnẹ́. Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Kẹrin, 1996

Rẹ̀mí dé láti Èkó lónìí, òun àti ọkọ̀ kan tó kún fún koríko. Àwàdà ni mo pè é nígbà tó ní òun máa tẹ́ koríko síwájú ilé fún wa, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ fún àwọn olówó Ìkòyí níbi iṣẹ́ rẹ̀. Bàmúdà ló ń jẹ́. Wọ́n ti gé e ní onígun mẹ́rin, mẹ́rin, bíi búrẹ́dì, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ nídìí. Òun àti àwọn tó bá a wá kọ́kọ́ ro ilẹ̀, wọ́n ṣa òkúta kúrò, wọ́n tẹ́ ẹ títí ó fi dọ́gba. Wọ́n wá ń tò ó, ìkan ti ìkan, láìfi àlàfo sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù omi lé e lórí kí ìdí rẹ̀ lè kan ilẹ̀ dáadáa.

Alàgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ sẹ́yìn. (Ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí. Alàgbà ni ní ìjọ wa, ó sì máa ń ṣe alàgbà nínú ilé náà.) Ó bi Rẹ̀mí pé ta ló máa jẹ ẹ́, ewúrẹ́ àbí àwa. Ṣùgbọ́n mo rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìdí tí ọmọ mi fi ṣe é: eruku pupa iwájú ilé yìí. Ó ní láti kékeré lòun ti ń gbọ́ ikọ́ mi lọ́gbẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15

Ó ti padà. Àṣẹ tó pa: omi láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, omi nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí èpò bíi eéran bá yọ láàárín rẹ̀, kí n fà á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Tó bá yá, kí n di etí ìkan mú, kí n rọra fà á. Bí kò bá tẹ̀ lé ọwọ́ mi, ó ti mú ilẹ̀ nìyẹn.

Ó ní, “Màámi, ẹ máa tọ́jú ẹ̀ bí ọmọ tuntun.” Mo ní ọmọ tuntun wo ni mo tún fẹ́ wẹ̀ nígbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18

Òjò ò rọ̀. Kànga — korobá — kànga. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ṣùgbọ́n ó tutù yọ̀yọ̀. Mo jókòó tì í nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó lálejò.

Sábáàtì, 20

Mò ń kọ èyí lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Alàgbà ní bíbomirin koríko iṣẹ́ ni, a kì í ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi. Mo ti rin ín gbingbin lánàá kí Sábáàtì tó wọlé. Ṣùgbọ́n oòrùn òní! Nínú ìsìn, koríko ni mò ń rò. N kò mọ ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n kà. Bí oòrùn ṣe wọ̀, mo ti wà nídìí kànga. Alàgbà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó wá bá mi fa omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Ewúrẹ́ Ràbíátù fo ọgbà wọlé. Ó ti jẹ díẹ̀ kí n tó dé. Ràbíátù, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, tó ń ta obì ní Sábó, gbé obì wá fi bẹ̀ mí. Obì! Ó ti gbàgbé pé ní ìjọ tiwa, a kì í jẹ ẹ́. A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti so ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25

Igun tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ń pọ́n. Ó gbẹ ráúráú bí háhá àgbàdo. Mo fà á wò, ó sì tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí bí ọmọdé. Ràbíátù ń kó obì lọ sí Èkó lọ́la, ibi tó ń já a sí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ Rẹ̀mí. Mo ní kó bá mi sọ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Rẹ̀mí ránṣẹ́ padà. Òun ń bọ̀ wá wò ó ní Àìkú, kí n má fọwọ́ kan igun yẹn mọ́. Mo ti ra ewùrà. Ìkọ́kọrẹ́ ni màá sè fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Ìkọ́kọrẹ́ ti tutù. Ó yẹ kó ti dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Karùn-ún

N kò lè kọ ọ́. Màá kọ ọ́.

Ní Ògèrè ni. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ya bọ́ síwájú ọkọ̀ tó wọ̀. Ó kù díẹ̀ kó délé.

Àwọn ọkùnrin ló wá sọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Fábíyìí, tó ń gbé Akaka, ló ṣáájú wọn. Wọ́n ti ṣí fìlà kí wọ́n tó wọlé. Ó ní kí n bu omi fún òun. Nígbà tí mo gbé omi dé, kò mu ún, ó kàn gbé e dání. Mo ti mọ̀ nígbà náà.

Wọ́n ti sin ín. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọ́n ní. Òbí kì í sin ọmọ. Òbí kì í rí i, òbí kì í mọ ibẹ̀. Ilẹ̀ ìdílé ní Akaka ni, ìyẹn nìkan ni mo gbọ́. Wọ́n ò jẹ́ kí n rí ojú ọmọ mi.

Méjì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó dé. Òun ló dúró. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún nìyẹn. Ta ni yóò rẹ̀ mí báyìí.

Ọjọ́rú, 8

Ilé kún. Àwọn ará ìjọ, àwọn ará àdúgbò. Inú ilé ò gbà wọ́n mọ́, ni wọ́n bá kó àga lọ sórí koríko. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ẹsẹ̀ àga tó wọlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo rí bàtà lóríṣiríṣi. N kò mọ ìgbà tí mo jáde. Mò ń lé wọn. Mò ń ti àgbàlagbà. Mo gbọ́ ohùn ara mi, kò jọ ohùn mi. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n rò pé orí mi ti dà rú. Ìyá kan ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo mọ òwe náà. Mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní òwe náà.

Ràbíátù nìkan ló bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ń kó àga kúrò, ìkan, ìkan. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìyá Rẹ̀mí, ẹ wá jókòó.”

Láti ìgbà tí ìròyìn náà ti dé, àwọn yòókù ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ń pè mí ní Mọ́mì. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìjọ. Wọ́n ń yẹ orúkọ náà bí ẹni ń yẹ kòtò.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Omi láàárọ̀. Omi nírọ̀lẹ́.

Sábáàtì, 11

N kò lọ sí ìsìn. Mo bomi rin koríko ní ọ̀sán gangan, ní Sábáàtì, lójú Alàgbà. Ó wọ kóòtù rẹ̀, Bíbélì wà lábíyá. Ó dúró. Mo ní kó sọ̀rọ̀, kí n lè rí ẹni bá jà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò tẹ koríko.

Pásítọ̀ wá lẹ́yìn ìsìn. Ènìyàn rere ni. Ó rán mi létí pé Rẹ̀mí ń sùn ni, pé nígbà tí ìpè bá dún, yóò jí. Mo gbà á gbọ́. N kò ṣiyèméjì sí i rí. Mo wá bi í léèrè: “Ibo ni yóò ti jí, Pásítọ̀? Bí ìpè bá dún, ibo ni kí n kọjú sí?”

Ó wo Alàgbà. Alàgbà wo ilẹ̀.

Ọjọ́rú, 15

Alàgbà mọ ibẹ̀. Ó dá mi lójú. Ó tún lọ sí Akaka lánàá. Ó dé, kò jẹun, kò sọ ẹni tó rí. Ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi, ó ń fi mí sílẹ̀ sílé. N kò bá a sọ̀rọ̀ láti Sábáàtì. Mò ń gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, mò ń jáde.

Fábíyìí náà wá kí wa. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Ọlọ́kàn-Òkúta. Mo kúnlẹ̀ kí i nítorí pé a gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Òjò ti ń rọ̀. Igun ẹnu ọ̀nà yẹn ti tún ń rú. Mo di etí rẹ̀ mú, mo rọra fà á. Kò tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Mo tún fà á. Ó mú ilẹ̀ ṣinṣin.

Mo yíjú láti sọ fún Rẹ̀mí.

Ká ní mo ní sùúrù — ìbá rú fúnra rẹ̀. Òjò nìkan ló ń fẹ́. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti Èkó wá.

Ọjọ́bọ̀, 23

Eéran ń yọ. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ láti àárọ̀, mò ń fà á. Èékánná mi ti dúdú. Ràbíátù gbé ẹ̀kọ wá, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Mo ti ọjà dé, mo bá Alàgbà nídìí koríko pẹ̀lú ọkọ́. Ó ti kọ apá kan, ó tó fífẹ̀ ẹní. Koríko dojú bolẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ funfun lókè.

Mo ju ẹrù sílẹ̀. Mo lọ dúró síwájú ọkọ́ náà. Mo ní kó kọ ọ́ mọ́ ẹsẹ̀ mi.

Ó ní òun ò lè wò ó mọ́. Bí òun bá jí láàárọ̀, orí ìkúnlẹ̀ lòun ń bá mi. Bí òun bá ti iṣẹ́ dé, orí ìkúnlẹ̀ ni. Ó ní, “Koríko ni, Morónkẹ́. Kì í ṣe ọmọ wa.”

Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó mú mi lọ sí ibi tí ọmọ mi wà, kí n fi koríko sílẹ̀ fún un, kó kọ gbogbo rẹ̀ kó dáná sun ún. Mo ní ó ń dá lọ sí Akaka, ó ń jókòó tì í, èmi tí mo gbé e sínú ń fa eéran.

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀.

“N kò mọ ibẹ̀,” ni ó wí.

Mo ní irọ́ ni.

“N kò mọ ibẹ̀, Morónkẹ́. Wọ́n ò jẹ́ kí èmi náà lọ. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òbí lèmi náà. Ọjọ́ tí mo bá lọ, iwájú ilé Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń jókòó sí. Màá wo oko, màá padà.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ó sàn kí n máa bínú sí òun ju kí n máa bínú sí ara mi lọ. Ó ti rí mi ní Àìkú yẹn tí mò ń fa igun náà. Ó ní, “Ọ̀nà ilé ni ọmọ náà wà. Kì í ṣe iṣẹ́ tí o rán ló pa á.”

A jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Lórí koríko. A bí ọmọ, ó pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, a ò sì mọ ibi tó wà, àwa méjèèjì.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tó kọ padà sáyè wọn. Ó dá ìkan padà lódìkejì. Mo tún un ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 30

Alàgbà ní Àìkú la máa lọ. Ó ní òun ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹfà

A gun ọ̀kadà dé Akaka, òun lórí ìkan, èmi lórí ìkan. Fábíyìí wà níwájú ilé, ó ń pa obì. Bó ṣe rí àwa méjèèjì, ó ti mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́: ohun tí baba ńlá ò ṣe, pé ojú òbí kì í rí irú rẹ̀, pé kí ọ̀fọ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀.

N kò tíì rí i kí Alàgbà já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, láti ọjọ́ tó ti gbé mi níyàwó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀fọ̀ wo ló tún kù tó lè ṣẹ̀ wá?”

Fábíyìí dìde, ó wọlé, ó mú ìgbálẹ̀ jáde. Inú bí mi. Mo ní kí ló fẹ́ gbá. Mo ní ó fẹ́ fi iṣẹ́ ilé lé wa lọ.

Ó ní ká máa bọ̀.

A tẹ̀ lé e gba ẹ̀yìnkùlé, a wọ oko obì. Ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ wa ń rì. A ń lọ, a ń lọ. A wá dé abẹ́ igi obì kan tí kò sí ewé kankan ní ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Ojú ìgbálẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀. Òkìtì kékeré kan ló wà láàárín.

Fábíyìí ò wo ojú mi. Ó ní, “Obì ń wọ́wé jù. Mi ò fẹ́ kó bò ó. Àràárọ̀ ni mò ń gbá a. Ọmọ tèmi náà ni.”

Ọlọ́kàn-Òkúta ni mo pè é. Omijé ń dà lójú arúgbó náà, kò nù ún.

Alàgbà kúnlẹ̀. N kò gbọ́ irú igbe yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà nígbà tí àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ. Èmi ò sunkún. Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ náà. Ó tutù. Mo ní, “Rẹ̀mí, Màámi ni. Èmi àti bàbá ẹ la wá.”

A pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a fi máa dìde, ewé obì ti já bọ́ sórí ibẹ̀. Alàgbà na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba ìgbálẹ̀.