Iyọ̀ Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ikọ́ ọkọ mi ti ń rọlẹ̀, ó ti padà sídìí iṣẹ́ wẹ́dà rẹ̀. A ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kò jò mọ́.

Ẹ má bínú. Bí ẹ bá sì fẹ́ bínú, ẹ bínú. Iyọ̀ inú ike tí ẹ ní kí Màmá máa lò nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wọn dé ọsibítù. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí. Dókítà ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà, ó mirí. Ó ní pòtásíọ̀mù tí wọ́n fi rọ́pò iyọ̀ gidi ló kún inú rẹ̀. Ọkàn ò lè lù dáadáa láìsí i, ṣùgbọ́n kídìnrín ló ń da èyí tó bá pọ̀ jù nù, kídìnrín Màmá sì ti ń ṣàárẹ̀. Bó ṣe kún ẹ̀jẹ̀ wọn nìyẹn, tí ọkàn wọn fẹ́ dákẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ kídìnrín yìí fún yín. Ẹ ní ta ló bi mí.

Màmá ti wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́ láìbéèrè. Ọlọ́run á ṣọ́ yín, á sì fún yín ní etí ìgbọ́ràn.

Mo fẹ́ da ìyókù iyọ̀ náà nù, Màmá já a gbà. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń bù ú ní síbí méjì-méjì. Wọ́n ní, “Ọdún mẹ́fà rèé tí mi ò fojú kan ọmọ mi. Òun nìkan ló tọwọ́ ẹ̀ wá.”

Àbúrò yín obìnrin.