Ìwé Kan Tí Fóònù Kò Mọ̀

Ìbéèrè mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ níbi iṣẹ́, fi í sínú àpò títí o ó fi délé. Bó bá bá ọ nílé, jókòó kí o tó kà á. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, kí n kí ọkọ rẹ, kí n sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n má kàn dà wọ́n pọ̀ bí ẹni ń kí èrò ọjà. Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ kò ní pa yín, ẹ ó sì jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Ara wa le. A ti tún òrùlé ẹ̀yìn tó ń jò ṣe. Orúnkún mi ọ̀tún ló ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ìyá rẹ sì ní kí n lọ fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, bí ẹni pé irin ni mí.

Mo mọ̀ pé o ní kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣe é fi àtàǹpàkò kan sọ.

Nígbà tí o fi fóònù ńlá yìí ránṣẹ́, o ní kí n wá áàpù tó bá wù mí, kí n fi kọ gbogbo ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì inú ilé sílẹ̀ kí ọ̀kan má bàa sọnù, kí n sì sọ èyí tí mo yàn fún ọ. Mo ti yàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta ló fi mẹ́ta sínú rẹ̀, ó ní kí n tọ́ wọn wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ó ní èkínní ni gbogbo ayé ń lò. Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó jọ ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Kó tó la ojú kámẹ́rà, ó tọrọ àyè, mo sì sọ fún un pé kó máa wò ó, kó má bẹ̀rù. Ló bá tún fẹ́ mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo mọ̀, ó sì fẹ́ mọ ibi tí mo wà. Mo ní inú ilé mi ni mo wà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ìwé ìsinsìnyí ló fi ń dá ìwé mọ̀, ìwé tèmi sì ti dàgbà ju ìlà lọ. Mo bá gé ìlà ẹ̀yìn páálí bisikíìtì, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé gírámà mi. Fóònù wò ó, ó ní bisikíìtì ni. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, “Bàbá Ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi nínú gírámà yẹn, ebi ń pa mí.”

Nígbà náà ni mo gbé ìwé kan síwájú fóònù, ìwé kan pàtó tí n ó dárúkọ fún ọ láìpẹ́. Kò rí ìlà, mo bá tẹ orúkọ rẹ̀ sí i, ó ní kò sí ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kò sí. Mo pa á dé.

Èkejì béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́wọ́ mi, ó sì bi mí nísàlẹ̀ bóyá mo ti gbàgbé rẹ̀. Inú bí mi. Ta ló sọ fún un pé mo ń gbàgbé? Mo kọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà gàdàgbà sára ògiri pálọ̀ kí gbogbo ilé lè jẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan ni áàpù náà ń gbà. Ìyá rẹ to ogójì kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kò gba ẹyọ kan. Mo tún gbé ìwé mi yẹn wá, ó ní kí n sọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀, kò jẹ́ kí n tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀kẹta kò lẹ́wà, ó sì ń fà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Obìnrin oríta ní, “Bàbá, arúgbó ni èyí, àwọn èèyàn ti pa á tì.” Mo ní èmi náà ńkọ́? Áàpù náà ní àyè kan tí èèyàn ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ìwé àti ẹni tó kọ ọ́, kó sì ya àwòrán èèpo rẹ̀. Ó ń gba orin, ó ń gba ìwé. Ó tún ní kí a fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀, láti oókan dé márùn-ún. O mọ ọwọ́ mi. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, n kò fún ọmọ kankan ní gbogbo máàkì rí. Gírámà gba mẹ́ta. Nígbà tó kan kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó wa, mo fẹ́ fi mẹ́rin sí i, ìyá rẹ já fóònù gbà, ó sì fi márùn-ún sí i fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè, ìwé tí mo ń sọ ni “Ewúrẹ́ Tó Di Adájọ́.”

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà náà. Mo ra ìwé òfìfo fún ọ láti fi ṣe ìṣirò, o sì fi kọ ìtàn ewúrẹ́ láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkejìdínlógójì. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ, mo fi bírò pupa kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé ìfàkókòṣòfò ni. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún ọ pé mo ti sun ún mọ́ pàǹtí. Irọ́ ni mo pa. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo kà á, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ojú sì tì mí pé mo rẹ́rìn-ín. Dípò kí n pè ọ́, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń yọ ọ́ kà. Ìyá rẹ ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe àdúrà ni mo ń tìlẹ̀kùn gbà.

Ẹyin lohùn, mo mọ̀, èmi ni mo sì jù ú sílẹ̀. Ìyá rẹ sọ fún mi pé o kì í kọ nǹkan kan mọ́ àyàfi lẹ́tà ọ́fíìsì. Èmi náà rí i pé bí o bá wálé, ẹnu ọ̀nà yàrá ìwé lo máa ń dúró sí, wàá kí mi láti ibẹ̀, o kì í wọlé.

Ìwé ewúrẹ́ rẹ ni mo fi ṣe nọ́ńbà kìn-ín-ní nínú áàpù kẹta, èyí tí mo yàn. Ìràwọ̀ márùn-ún. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ẹni tó ni ín, orúkọ rẹ ni mo kọ. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ẹni tó yá a, mo kọ tèmi. Ó wá ní ọjọ́ wo ló yẹ kí n dá a padà. Mo rò ó títí, mo kọ ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ. Láti ìgbà náà, ní agogo méje gbogbo òwúrọ̀, fóònù a dún, a ní ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọjọ́ ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Obìnrin oríta fẹ́ bá mi pa ohùn rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó tó ìgbà kí ẹnìkan máa bi mí léèrè rẹ̀.

Nípa owó: ọgọ́rùn-ún ohun ni áàpù náà ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tiwa sì ju igba lọ, nítorí náà jọ̀ọ́, san owó rẹ̀ fún mi, kí o sì fi ti oògùn orúnkún kún un. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kò bá tó gbogbo rẹ̀, fi èyí tó bá wà níbẹ̀ wọkọ̀ wá sílé. N kò ní fi ìwé rẹ rán awakọ̀. Ọwọ́ ni mo fi gbà á, ọwọ́ ni n ó fi dá a padà. Mo ti gbé àga kan sí yàrá ìwé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí afẹ́fẹ́ wà.

Ìtàn rẹ dúró síbi tí ewúrẹ́ adájọ́ ti kan ilẹ̀kùn ọkùnrin tó so ó mọ́gi tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó dá a lẹ́bi tàbí ó dá a sílẹ̀. Wá parí rẹ̀ fún mi. Ìdájọ́ tó bá wù ọ́ ni kí o kọ.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àwọn ọmọ rẹ yóò kọ ìwé, wàá kà á, wàá rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó yá ìwé rẹ, tí kò tíì dá a padà.