Láti Tòróńtò dé Ìkìrun

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú bàálù ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín, ìdí mi kò sì gba ìjókòó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ó ku bíi wákàtí mẹ́fà kí a tó balẹ̀ sí Èkó.

Àná ni Bọ̀ọ̀dá, àkọ́bí yín, pè mí láti Ìkìrun pé ara Ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ le, kí n máa bọ̀. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún Ìyá, wọ́n ní Ìyá ń sùn. Bàbá, ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn gan-an nìyẹn. Mo sáré ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, mo wọ bàálù. Ìgbà tí mo ń jẹun lófurufú ni àwọn ààfáà ń kírun sí yín lára. Òkú mùsùlùmí kì í dúró de ọmọ tó wà lájò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló gbọ́, èmi nìkan ni mo ń gbé oògùn bọ̀ fún ẹni tí wọ́n ti sin. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Odidi ọdún kan ni mo fi bínú sí Bọ̀ọ̀dá, ó ṣì ń dùn mí.

Láti Tòróńtò sí Èkó tó bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà. Bíi wákàtí mẹ́tàlá ni lófurufú, láì ka ìdúró Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà Ìkìrun sì tún ń bẹ níwájú. Mo ti ṣírò rẹ̀ títí, kò dín. Kí ni mo wá lọ síbi tó jìn tó báyìí?

Nígbà tí ẹ máa ń fi alùpùpù gbé mi lọ síléèwé tí ẹ ti ń ṣe tíṣà ní Òkukù, bí mo bá bi yín bí ó ṣe jìn tó, ẹ kì í dárúkọ máìlì. Ẹ ó kàn yà ní Inísà, ẹ ó ní ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ ó ra bọ̀ọ̀lì fún mi. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kankan kò gbóná. Ẹsẹ̀ mi ló ń kú, ẹ sì mọ̀.

Láti Tòróńtò, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ sílé ìtọ̀, n kò sì ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kò sunkún lórí fóònù. Ṣé ire nìyẹn? Wọn ò sunkún nígbà tiyín náà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àmọ́ ẹ̀rù ilé ọ̀hún ló ń bà mí.

Ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ̀ báyìí bóyá Ìyá ṣì wà nílé tàbí wọ́n ti wá bá yín. Èmi tí mo bínú pé wọn ò sọ òótọ́ fún mi, èmi náà ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀. Bí Ìyá bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, Bàbá, ẹ má tíì jẹ́ kí n mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣì ní ìyá títí bàálù yìí yóò fi balẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì délé.